Ìpààrọ̀ Oríkèé Ìbàdí àti Orókún: Ewu, Àbájáde àti Ọ̀nà Ìtọ́jú ní Bonapriso àti Ìyókù Douala

Àwọn kókó pàtàkì

- Ní ọdún 2019, nǹkan bí mílíọ̀nù 528 ènìyàn ní àgbáyé ni ó ní ọ̀sítíóátíráítìsì, àìsàn tí í máa jẹ oríkèé, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè ní làkúrègbé. Orókún ni ó ń bá jà jù lọ: mílíọ̀nù 365 ènìyàn ni ó ní in ní orókún.
- Iṣẹ́ abẹ ìpààrọ̀ oríkèé ń mú ìrora kúrò tàbí kí ó dín in kù gidigidi fún ọ̀pọ̀ aláìsàn. Kì í ṣe òun ni ìtọ́jú àkọ́kọ́.
- Ní Áfíríkà tí ó wà ní gúúsù aṣálẹ̀ Sàhárà, ọ̀pọ̀ àwọn tí ó nílò ìbàdí tuntun ni kò tíì dàgbà. Fòníkú-fọ̀ladìde àti ìjàm̀bá ọkọ̀ wà lára ohun tí ó ń fà á.
- Àkóràn inú oríkèé tuntun kì í wọ́pọ̀ níbi tí ìmọ́tótó bá ti péye, ṣùgbọ́n ó ṣòro láti wò, owó rẹ̀ sì pọ̀.
- Ẹni tí ó bá gba oríkèé àtọwọ́dá nílò àyẹ̀wò ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀.

Ohun tí ó wà nítòsí tí ọwọ́ kò tó

Bonapriso wà ní agbègbè ìjọba ìbílẹ̀ kìíní nínú ìlú Douala. Ó súnmọ́ Bonanjo, pápákọ̀ òfurufú kò sì jìnnà sí i. Àdúgbò àwọn tí ó rí jájẹ ni. Àwọn ilé ìwòsàn aládàáni wà níbẹ̀. Ilé Ìwòsàn Laquintinie, tí í ṣe ti ìjọba, wà ní Akwa. Ilé Ìwòsàn Gbogboogbò ti Douala náà wà nínú ìlú kan náà. Ẹni tí ó bá wo àwòrán ìlú lè rò pé ìtọ́jú ti dé ẹnu ọ̀nà fún gbogbo ẹni tí ìbàdí tàbí orókún ń dà láàmú níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n nínú agbo ilé kan ṣoṣo ní Bonapriso, onílé, awakọ̀ rẹ̀, ẹni tí ó ń dáná fún un àti ọlọ́dẹ tí ó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà lè ní irú ìrora kan náà, kí ọ̀nà ìtọ́jú wọn má sì jọra rárá. Onílé lè wọ ọkọ̀ òfurufú lọ sí Faransé, Tùnísíà tàbí Íńdíà. Awakọ̀ rẹ̀ lè máa gun ọ̀kadà, èyí tí àwọn ará ìlú ń pè ní bendskin, padà sí New-Bell ní alaalẹ́, kí ó sì máa fi oògùn apàrora tí ó rà lọ́jà gbé ara rẹ̀ ró. Ní New-Bell yìí kan náà ni àwọn àlejò láti Nàìjíríà, tí àwọn ọmọ Yorùbá wà lára wọn, ti ń gbé tí wọ́n sì ń ṣòwò láti ayé ìjọba amúnisìn Faransé.

Ewu wà ní ọ̀nà tí ọlọ́rọ̀ ń tọ̀ àti ní ọ̀nà tí mẹ̀kúnnù ń tọ̀. Oríkèé àtọwọ́dá kì í ṣe ọjà tí a rà lẹ́ẹ̀kan tí ọ̀rọ̀ sì parí. Ọjọ́ tí wọ́n bá fi í sí ara ni àjọṣe aláìsàn pẹ̀lú àwọn olùtọ́jú rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Nítorí náà, kí aláìsàn tó bèèrè ibi tí wọ́n ti lè ṣe iṣẹ́ abẹ náà, ó yẹ kí ó bèèrè ẹni tí yóò máa tọ́jú oríkèé náà lẹ́yìn ọdún kan, lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá àti lẹ́yìn ogún ọdún.

Ohun tí iṣẹ́ abẹ yìí ń ṣe

Nínú oríkèé tí ó dá ṣáṣá, kerekere, ìyẹn egungun rírọ̀ tí ó ń dán, ni ó bo ibi tí egungun méjì ti pàdé, kí wọ́n má baà máa ha ara wọn. Bí kerekere yìí bá jẹ tán, egungun a máa lọ egungun. Oríkèé a wú, a le, a sì máa ro aláìsàn nígbà tí ó bá ń rìn, nígbà tí ó bá ń gun àtẹ̀gùn, àti nígbà tí ó bá fẹ́ sùn.

Ní ìbàdí, oníṣẹ́ abẹ a gé orí egungun itan tí ó ti bàjẹ́ kúrò, a fi orí tí a fi irin tàbí seramíìkì ṣe rọ́pò rẹ̀, a sì fi ife kékeré kan tí a fi ike líle tẹ́ nínú sí kòtò ìgbáròkó. Ní orókún, a gé ojú egungun tí ó ti jẹ kúrò, a fi irin bo ojú wọn, a sì fi ike sí agbedeméjì. John Charnley, oníṣẹ́ abẹ ní Ilé Ìwòsàn Wrightington ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni ó fi ìpìlẹ̀ ìbàdí àtọwọ́dá òde òní lélẹ̀ nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀ sí lo ike tí kì í tètè jẹ ní ọdún 1962.

Ní Yúróòpù, ọ̀sítíóátíráítìsì ọjọ́ ogbó ni ó ń gbé ọ̀pọ̀ aláìsàn wá. Ní apá ọ̀dọ̀ tiwa, a tún máa ń rí ọ̀pọ̀ tí orí egungun itan wọn kú nítorí pé ẹ̀jẹ̀ kò dé ibẹ̀ mọ́. Fòníkú-fọ̀ladìde a máa fà á. Ọtí àmujù a máa fà á. Àwọn oògùn bíi dexamethasone àti prednisolone náà lè fà á, pàápàá bí ènìyàn bá ń lò wọ́n fún ìgbà pípẹ́ láìsí àbójútó dókítà. A tún máa ń rí i lára àwọn tí ó ní kòkòrò HIV. Àwọn mìíràn ni ìjàm̀bá ọkọ̀ tàbí ọ̀kadà ṣẹ́ ní ìbàdí tàbí yẹ ní ìbàdí, tí egungun náà kò sì padà sí àyè rẹ̀ bí ó ti yẹ. Ẹni ọgbọ̀n tàbí ogójì ọdún tí ó ń bọ́ ìdílé lè wà lára wọn.

Ẹni tí ó nílò rẹ̀ àti ẹni tí kò tíì nílò rẹ̀

Ọ̀pọ̀ ènìyàn tí orókún ń dùn kò nílò ọ̀bẹ. Ìdárayá tí ó ń fún iṣan itan lókun, dídín ìwọ̀n ara kù fún ẹni tí ó sanra jù, àti lílo oògùn apàrora bí dókítà ti ṣe ìlànà rẹ̀ ni ìtọ́jú àkọ́kọ́. Ọ̀pá ìtìlẹ̀ náà ń ran ènìyàn lọ́wọ́. Ọwọ́ òdìkejì ẹsẹ̀ tí ó ń dùn ni kí a fi mú un. Ìdárayá yìí kò béèrè ẹ̀rọ olówó ńlá. Olùtọ́jú físíò lè kọ́ aláìsàn bí yóò ṣe máa ṣe é lórí àga nínú ilé rẹ̀.

Àwòrán ẹ́sírè nìkan kò tó láti pinnu. Àwọn kan wà tí àwòrán wọn burú tí wọ́n sì ń rìn dáadáa. Àkókò iṣẹ́ abẹ tó nígbà tí ìrora kò bá gbóògùn mọ́, tí kò jẹ́ kí aláìsàn sùn, tí ó sì ń dí i lọ́wọ́ iṣẹ́ àti ìtọ́jú ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò yẹ kí a dúró títí tí iṣan itan yóò fi rù, tí oríkèé yóò le gan-an, tí aláìsàn kò sì ní lè jáde nílé mọ́. Ẹni tí ó bá wọ yàrá iṣẹ́ abẹ nígbà tí ó ṣì ń rìn sábà máa ń rìn dáadáa ju ẹni tí wọ́n gbé wọlé lọ.

Àbájáde: ohun tí a lè retí

Àkójọ àbájáde iṣẹ́ abẹ láti Ọsirélíà àti Fínlándì, tí a tẹ̀ jáde ní ọdún 2019, fi hàn pé nǹkan bí 58 nínú 100 ìbàdí àtọwọ́dá, àti 82 nínú 100 orókún àtọwọ́dá, ni ó ṣì wà lára aláìsàn lẹ́yìn ọdún 25 láìjẹ́ pé a pààrọ̀ wọn. Èyí tayọ fún ohun èlò tí ènìyàn fi ń rìn lójoojúmọ́.

Ọjọ́ orí ń yí ìṣirò yìí padà. Ìwádìí kan tí a ṣe ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí ó jáde ní ọdún 2017, fi hàn pé lára àwọn ọkùnrin tí ó gba orókún tuntun nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lé ní àádọ́ta ọdún, nǹkan bí 35 nínú 100 ni yóò nílò iṣẹ́ abẹ kejì kí wọ́n tó kú. Fún àwọn tí ó ti lé ní àádọ́rin ọdún, nǹkan bí 5 nínú 100 ni. Iṣẹ́ abẹ kejì máa ń le ju ti àkọ́kọ́ lọ, egungun tí ó kù láti kan nǹkan mọ́ a dín kù, owó a sì pọ̀ sí i. Ọ̀dọ́ tí a bá pààrọ̀ ìbàdí fún ní Douala lónìí ní láti mọ èyí kí ó tó fọwọ́ sí ìwé.

Ìbàdí àti orókún kò rí bákan náà. Àwọn tí ó gba ìbàdí tuntun sábà máa ń sọ pé ìrora náà lọ pátápátá. Ní ti orókún, nǹkan bí ẹnìkan nínú márùn-ún ni inú rẹ̀ kì í dùn tó bí ó ti retí, nítorí ìrora tí ó kù tàbí líle oríkèé. Sísọ èyí fún aláìsàn ṣáájú kì í ṣe dídẹ́rù bà á; ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni.

Àwọn orílẹ̀-èdè tí ó ń kọ orúkọ aláìsàn sílẹ̀, tí wọ́n sì ń tẹ̀ lé e fún ọ̀pọ̀ ọdún, ni iye wọ̀nyí ti wá. Sweden bẹ̀rẹ̀ àkọsílẹ̀ orókún ní ọdún 1975 àti ti ìbàdí ní ọdún 1979. Owó kò pọ̀ ní Màláwì, síbẹ̀ àwọn oníṣẹ́ abẹ egungun ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ àkọsílẹ̀ oríkèé ti orílẹ̀-èdè wọn ní ọdún 2005. Ilé ìwòsàn kan ní Douala lè fi ìwé ńlá kan bẹ̀rẹ̀: orúkọ, ọjọ́, irú oríkèé, ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, lẹ́yìn ọdún kan àti lẹ́yìn ọdún márùn-ún.

Àwọn ewu

Ewu ikú láàárín oṣù mẹ́ta lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ kò tó ẹnìkan nínú 100 ní àwọn orílẹ̀-èdè tí àkọsílẹ̀ wọn péye. Àwọn ewu yòókù ni ẹ̀jẹ̀ dídì nínú iṣan ẹsẹ̀, èyí tí ó lè já lọ sí ẹ̀dọ̀fóró. Kí ìbàdí tuntun yẹ. Kí ẹsẹ̀ kan gùn ju èkejì lọ. Kí egungun sán. Kí iṣan ìmọ̀lára fara pa. Àti kí oríkèé náà tú lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún.

Àkóràn ni a ń bẹ̀rù jù lọ. Ní àwọn ilé ìwòsàn tí ó mọ̀ nípa iṣẹ́ yìí dáadáa, ó máa ń ṣẹlẹ̀ sí nǹkan bí ẹnìkan tàbí méjì nínú 100. Àjọ Ìlera Àgbáyé fi yé ni pé ní àwọn orílẹ̀-èdè tí owó tí ó ń wọlé fún wọn kéré tàbí tí ó mọ níwọ̀n, nǹkan bí 11 nínú 100 aláìsàn tí a ṣe iṣẹ́ abẹ fún, irú èyíkéyìí tí ó lè jẹ́, ni ó ń kó àkóràn. Kòkòrò tí ó bá ti lẹ̀ mọ́ irin kì í gbọ́ oògùn lásán. Ó lè gba kí a tú gbogbo irin náà kúrò. A kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Nítorí náà, ìdènà ni iṣẹ́:

- Kí aláìsàn wẹ̀ pẹ̀lú ọṣẹ kí ó tó wọ yàrá iṣẹ́ abẹ. Kí a má fi abẹ fá irun ibẹ̀. Bí ó bá pọn dandan, ẹ̀rọ agérun ni kí a lò.
- Kí a fún un ní oògùn apakòkòrò láàárín ìṣẹ́jú 120 ṣáájú kí ọ̀bẹ tó kan ara, kí a má sì máa fún un lọ lẹ́yìn tí iṣẹ́ abẹ bá ti parí nítorí ìdènà nìkan.
- Kí a fi chlorhexidine tí a pò mọ́ ọtí ìpakòkòrò nu awọ ara.
- Kí a kọ́kọ́ wo eyín tí ó kẹ̀, egbò ẹsẹ̀ àti àtọ̀gbẹ, kí a sì yẹ ẹ̀jẹ̀ wò bóyá ó tó. Kí ẹni tí ó ń mu sìgá jáwọ́.
- Kí a má sín gbẹ́rẹ́ sí oríkèé tí a fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ sí, kí a má sì gún un ní abẹ́rẹ́ sítẹ́rọ́ìdì láàárín oṣù mẹ́ta ṣáájú.

Ẹni tí ó ní fòníkú-fọ̀ladìde nílò ìmúrasílẹ̀ tí ó ju ti ẹlòmíràn lọ. Ewu àkóràn, ìṣòro àyà àti ìrora líle lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ pọ̀ jù fún un. Oníṣègùn ẹ̀jẹ̀, oníṣègùn tí ó ń kun aláìsàn lóorun àti oníṣẹ́ abẹ ní láti jọ pinnu bóyá yóò gba ẹ̀jẹ̀ ṣáájú. Kò gbọdọ̀ jẹ́ kí òtútù mú un, kò gbọdọ̀ ṣe aláìní omi lára, atẹ́gùn rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ lọ sílẹ̀. Ilé ìwòsàn tí kò ní ibi ìtọ́jú ẹ̀jẹ̀ tí ó ṣeé gbójú lé kò yẹ kí ó dá irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ dáwọ́ lé.

Lílọ sí òkè òkun àti pípadà wálé

Fún ẹni tí ó ní owó, lílọ ṣe iṣẹ́ abẹ lókèèrè lè dára. Ṣùgbọ́n ìrìnàjò ọkọ̀ òfurufú gígùn láìpẹ́ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ń fi kún ewu ẹ̀jẹ̀ dídì. Àkóràn lè má fara hàn títí aláìsàn yóò fi padà dé Bonapriso, nígbà tí oníṣẹ́ abẹ rẹ̀ ti wà ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún kìlómítà sí i. Bí oríkèé náà bá sì nílò àtúnṣe, irinṣẹ́ tí ó bá irú rẹ̀ mu lè má sí ní gbogbo Kamẹrúùn. Irú ìṣòro kan náà lè bá ẹni tí àwọn oníṣẹ́ abẹ àbẹ̀wò ṣe iṣẹ́ fún, tí wọ́n sì ti padà sí ìlú wọn.

Ìwé kékeré kan lè gba aláìsàn là. Kí ó béèrè àkọsílẹ̀ tí ó ní orúkọ ilé iṣẹ́ tí ó ṣe oríkèé náà, irú rẹ̀, ìwọ̀n rẹ̀, nọ́ńbà tí ó wà lára páálí rẹ̀, ọjọ́ iṣẹ́ abẹ àti orúkọ oníṣẹ́ abẹ, pẹ̀lú àwòrán ẹ́sírè tí a yà lẹ́yìn iṣẹ́ náà. Kí ó fi ẹ̀dà kan pamọ́ sọ́wọ́ ìdílé rẹ̀.

Òṣìṣẹ́ ìlera tí irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ bá tọ̀ wá pẹ̀lú ìwúwo àti ìrora kò gbọdọ̀ sáré fún un ní oògùn apakòkòrò kí ó sì ní kí ó máa lọ. Kí ó kọ́kọ́ rán an lọ sí ibi tí wọ́n ti lè fa omi inú oríkèé náà fún àyẹ̀wò. Oògùn tí a bá ṣáájú fún un lè bo kòkòrò náà mọ́lẹ̀ kí àyẹ̀wò má sì rí i. Ẹni tí ara rẹ̀ bá ti gbóná gan-an, tí ìfúnpá rẹ̀ ń lọ sílẹ̀ tàbí tí ọkàn rẹ̀ ń dàrú nìkan ni a kò gbọdọ̀ fi oògùn falẹ̀ fún.

Owó àti ẹ̀tọ́

Kamẹrúùn bẹ̀rẹ̀ ìpele kìíní ètò ìlera fún gbogbo ènìyàn ní oṣù kẹrin ọdún 2023. Ìlera aboyún àti ọmọdé, ibà, HIV, ikọ́ ẹ̀gbẹ àti ìfọ̀jẹ̀ àwọn tí kíndìnrín wọn ti dáṣẹ́ sílẹ̀ wà lára ohun tí ó kọ́kọ́ gbájú mọ́. Ní Nàìjíríà, òfin tí ó dá Àjọ Adójútòfò Ìlera ti Orílẹ̀-èdè sílẹ̀ ní ọdún 2022 sọ adójútòfò ìlera di dandan. Síbẹ̀, ní orílẹ̀-èdè méjèèjì, àpò ìdílé ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń san owó iṣẹ́ abẹ: ilẹ̀ tí wọ́n tà, èésú tí wọ́n dá, èyí tí wọ́n ń pè ní njangi tàbí tontine ní Kamẹrúùn, àti owó tí ọmọ fi ránṣẹ́ láti òkèèrè.

Ìdílé tí ó bá ń kó owó jọ ní láti mọ̀ pé owó irin àti owó yàrá iṣẹ́ abẹ kì í ṣe gbogbo owó náà. Kí wọ́n ṣírò ìtọ́jú físíò, oògùn tí ó ń dènà ẹ̀jẹ̀ dídì, ọkọ̀ lílọ àti bíbọ̀ fún àyẹ̀wò, ọ̀sẹ̀ mélòó kan tí aláìsàn kò ní lè ṣiṣẹ́, àti owó tí wọn yóò fi pamọ́ nítorí bí ìṣòro bá dé. Bí owó bá tó iṣẹ́ abẹ nìkan tí kò sì tó ohun tí ó tẹ̀ lé e, ó sàn kí wọ́n sún un síwájú.

Ní ọdún 2015, Àpéjọ Ìlera Àgbáyé fẹnu kò pé iṣẹ́ abẹ pàtàkì àti ìtọ́jú ìkunnilóorun jẹ́ ara ìlera fún gbogbo ènìyàn. Ilé ìwòsàn ìjọba lè mú ọ̀rọ̀ yìí sún mọ́ mẹ̀kúnnù bí wọ́n bá pawọ́ pọ̀ ra irú oríkèé díẹ̀ tí irinṣẹ́ àtúnṣe rẹ̀ wà nílẹ̀, tí wọ́n sì kó iṣẹ́ náà jọ sí ibi tí ọwọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ti mọ́ ọn lára.

Ìgbé ayé lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ

Bí kò bá sí ìdíwọ́, aláìsàn yóò dìde rìn pẹ̀lú ìrànwọ́ ní ọjọ́ iṣẹ́ abẹ tàbí ní ọjọ́ kejì. Ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan àkọ́kọ́, oníṣẹ́ abẹ lè ní kí ẹni tí ó gba ìbàdí tuntun má jókòó lórí àpótí kúkúrú, kí ó má lóṣòó ní ilé ìyàgbẹ́, kí ó má gbé ẹsẹ̀ kọjá ara wọn, kí ó má sì gun ọ̀kadà. Àga gíga àti ìjókòó ilé ìyàgbẹ́ tí a gbé sókè ni kí ìdílé pèsè. Ẹni tí ó gba orókún tuntun lè rí i pé ìkúnlẹ̀ kò rọrùn fún òun mọ́. Nítorí náà, kí àwọn àgbà má ka ọmọ tí kò dọ̀bálẹ̀ tàbí tí kò kúnlẹ̀ sí aláìlẹ́kọ̀ọ́. Kí ó tẹríba ti tó. Ẹni tí ó ń kírun lè jókòó sórí àga kírun.

Ìbéèrè tí ó yẹ kí ẹ bi kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé

Abèèrè kì í ṣìnà. Ẹ béèrè pé:

- Ǹjẹ́ ìtọ́jú mìíràn kù tí mo lè kọ́kọ́ lò?
- Irú iṣẹ́ yìí mélòó ni ẹ máa ń ṣe lọ́dún, mélòó nínú wọn ni ó sì kó àkóràn?
- Ta ni yóò máa yẹ̀ mí wò, níbo, fún ọdún mélòó?
- Bí oríkèé náà bá bàjẹ́, ta ni ó lè tún un ṣe ní orílẹ̀-èdè yìí?
- Èló ni gbogbo rẹ̀, pẹ̀lú físíò àti àyẹ̀wò lẹ́yìn náà?

Ẹ tètè padà sí ilé ìwòsàn bí:

- ojú ọgbẹ́ bá ń ṣọyún, tí ó ń pọ́n sí i tàbí tí ó ń jò lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan;
- ara bá gbóná, tí oríkèé sì ń ro yín ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, kódà bí ó bá ti tó ọ̀pọ̀ ọdún;
- àtìsàlẹ̀ ẹsẹ̀ kan bá wú tí ó sì ń dùn;
- èémí bá ṣàdédé ń wọ́n tàbí tí àyà ń dun yín;
- ẹsẹ̀ bá ṣàdédé kúrú tí ó sì yí, tàbí tí ẹ kò bá lè tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọwọ́ ra oríkèé náà tàbí kí ó to egungun rẹ̀ kí ẹ tó dé ilé ìwòsàn. Ẹ mú ìwé oríkèé yín dání.